Ìtàn Máìkì, Ìtàn Yàrá: Kí a Tó Ra Máìkì àti Preamp fún Gbígba Ohùn Sílẹ̀ Nílé



Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá: "Máìkì wo ni kí n rà?" Ẹni tó ń kéwì sórí íntánẹ́ẹ̀tì ń béèrè rẹ̀. Ẹni tó ń kọrin ń béèrè rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ gba ìjálá tàbí ẹkún ìyàwó sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ọdún ìkẹyìn náà ń béèrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni ìkẹyìn yìí ló kàn wá jù, nítorí pé bí ohùn bàbá tàbí ìyá àgbà kan kò bá já gaara nínú ohun tí a gbà sílẹ̀ lónìí, a lè padà lọ lẹ́yìn ọdún méjì kí wọ́n sọ fún wa pé ẹni náà ti wàjà.

Ìdáhùn tí ènìyàn sábà máa ń gbọ́ ni orúkọ ọjà. Ẹnìkan á ní Shure, ẹnìkan á ní Rode, ẹlòmíràn á ní Neumann ni baba gbogbo wọn. Irọ́ kò sí nínú rẹ̀, àmọ́ orúkọ kì í sọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe nǹkan. Nígbà tí a tọ ìtàn máìkì láti ìbẹ̀rẹ̀, a rí i pé yàrá ló ń bí i. Bí yàrá bá dákẹ́, wọ́n á ṣe èyí tó ń gbọ́ ohun gbogbo. Bí ariwo bá pọ̀, wọ́n á ṣe èyí tó ń di etí sí ohun tí kò kàn án. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra máìkì ní láti kọ́kọ́ mọ irú yàrá tí òun fẹ́ lò ó. Ìtàn náà la fẹ́ sọ níhìn-ín, kí a tó wá kan ọ̀rọ̀ rírà.

Ayé ìwo àti ìda

Ní 1877 ni Thomas Edison, ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tó sì tún sọ ọ́ jáde. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí 1925, iná mànàmáná kò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ kankan nínú gbígba orin sórí àwo. Olórin á dojú kọ ìwo ńlá kan, á kọrin sínú rẹ̀. Ní ìdí ìwo náà ni awọ fẹ́lẹ́ kan wà tó so mọ́ abẹ́rẹ́. Agbára ohùn olórin fúnra rẹ̀ ló ń mi awọ náà, abẹ́rẹ́ á sì máa fi ìmìtìtì yẹn fa ìlà sára ìda. Kò sí ohun tó ń ran ohùn lọ́wọ́. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá le, kò ní àwo.

Ìwo yìí náà ni ohùn Yorùbá gbà wọ orí àwo. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, gba orin tó lé ní ogójì sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó jẹ́ ìyanu fún àwa tí à ń kọ́ nípa èdè yìí pé a ṣì lè gbọ́ bí ọmọ Ẹ̀gbá kan ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìwo kò lè gbà. Ìró tó ń gba inú ìwo kọjá dáadáa kò ju láti nǹkan bí 250 Hz sí 2,500 Hz lọ. Agbára ìró s wà lókè 4,000 Hz. Ti ṣ kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lókè ibi tí ìwo dé. Èyí túmọ̀ sí pé lórí irú àwo bẹ́ẹ̀, "ó sá" àti "ó ṣá" lè di ọ̀kan náà létí wa. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká nìkan la fi ń mọ̀ bóyá ènìyàn ló sá lọ ni tàbí òdòdó ló ṣá.

Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ńkọ́? Àwọn wọ̀nyí kò sọnù, ó sì yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà láàárín 100 àti 200 Hz, ìyẹn ìsàlẹ̀ ibi tí ìwo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ṣùgbọ́n ohùn kì í dá rìn. Àwọn ìró mìíràn tó jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin máa ń bá a jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwo gbọ́ àwọn wọ̀nyẹn, etí wa sì ń ti ara wọn mọ èyí tó sọnù. Ẹ̀rọ tí kò dára lè tọ́jú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ fún wa, kó sì ba kọ́ńsónáǹtì jẹ́. Ẹni tó bá ń dán máìkì wò fún èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ rántí èyí.

Iná mànàmáná dé, preamp bá a dé

Ní 1916, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ E. C. Wente, tó ń ṣiṣẹ́ fún Western Electric ní Amẹ́ríkà, ṣe máìkì tí à ń pè ní condenser. Irin fẹ́lẹ́ kan ló wà níbẹ̀, tó dojú kọ irin mìíràn tí kò ń mì, àyè tín-ín-rín sì wà láàárín wọn. Bí ohùn bá mi irin fẹ́lẹ́ náà, àyè yẹn á máa fẹ̀ á máa dín, iná tó wà níbẹ̀ á sì máa yí padà tẹ̀lé e. Nítorí pé irin náà fúyẹ́, ohùn jẹ́jẹ́ pàápàá lè mì ín.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná tó ń jáde kéré débi pé kò lè rin ọ̀nà jíjìn nínú wáyà. Yóò ti sọnù kó tó dé ibi tó ń lọ. Wọ́n ní láti gbé ẹ̀rọ kan sí ẹ̀gbẹ́ máìkì náà tàbí sínú rẹ̀, tí yóò gbé ohùn yẹn dìde kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Ẹ̀rọ agbóhùndìde àkọ́kọ́ yìí ló di ohun tí à ń pè ní preamp lónìí. Kì í ṣe ohun èlò olówó tí ènìyàn lè rà tàbí kó má rà. Àtìgbà tí condenser ti wà ni wọ́n ti jọ ń rìn bí ìbejì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń ra máìkì láì ro ti preamp, Táyé nìkan ló rà.

Ní 1925, Victor àti Columbia bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ Western Electric gba orin sílẹ̀ pẹ̀lú iná mànàmáná. Láti ìgbà náà ni ẹni tó ń kọrin jẹ́jẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sétí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lè di olórin orí àwo. Ní 1928, Georg Neumann ní ìlú Berlin, ní Jámánì, gbé CMV 3 jáde, condenser àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe lọ́pọ̀ fún títà. Ó tóbi, ó sì rí bí ìgò, "ìgò" náà ni àwọn ènìyàn sì ń pè é. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló ṣe U 47 ní 1949 àti U 87 ní 1967, àwọn tí olórin gbogbo ayé ṣì ń dárúkọ títí di òní.

Ibo ni wọ́n ti ń lo àwọn máìkì wọ̀nyí? Nínú ilé iṣẹ́ rédíò àti ilé àwo ni, níbi tí ògiri ti nípọn, tí ilẹ̀kùn jẹ́ méjì, tí wọ́n ti fi aṣọ àti pákó pa gbohùngbohùn yàrá lẹ́nu mọ́. Condenser ń gbọ́ gbogbo nǹkan, nítorí náà wọ́n kọ́ ilé tí kò ti sí ohun mìíràn láti gbọ́. Ìdajì ẹwà ohùn tí à ń gbọ́ nínú àwọn àwo yẹn, ilé náà ló ni ín.

Ohùn Yorùbá nílé onílé

Kì í ṣe gbogbo ohùn tó níye lórí ló ń lọ bá ẹ̀rọ nílé àwo. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ ló ń tọ ohùn lọ. Ní àwọn ọdún 1930 sí 1939, Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ jùjú sórí àwo fún Parlophone. Ní 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí àwo lọ sí Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil. Ó gba ohùn àwọn ọmọ ọmọ Yorùbá tó wà nídìí òrìṣà níbẹ̀ sílẹ̀.

Lára àwọn tó gba ohùn wọn ni Martiniano Eliseu do Bomfim, babaláwo tí wọ́n bí ní Bahia ní 1859, tó sì gbé Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà èwe rẹ̀ kó tó padà sílé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí Turner bá a. Ní 1943, ó papò dà. Ká ní Turner ní kí òun dúró de ẹ̀rọ tó dára jù, téèpù tó ṣì ń bọ̀ wá tàn kálẹ̀ lẹ́yìn ogun, kì bá tí rí ohùn yẹn gbà. Àwọn ohun tó gbà sílẹ̀ wà ní Yunifásítì Indiana títí di òní, àwọn onímọ̀ sì ń lọ gbọ́ wọn.

Ohun méjì la rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ lónìí sàn ju èyí tí a ń dúró dè lọ. Èkejì, ẹni tó ń lọ sílé onílé kò lè gbé ògiri ilé iṣẹ́ rédíò dání. Irú máìkì tó bá ilé onílé mu ni yóò wá.

Máìkì tó mọ bí a ṣe ń di etí

Irú máìkì kejì ni dynamic. Nínú rẹ̀, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká bí òrùka ló so mọ́ awọ fẹ́lẹ́, ó sì wà láàárín òòfà. Bí ohùn bá mi awọ, wáyà á mì láàárín òòfà, iná á sì jáde. Wáyà yẹn wúwo ju irin fẹ́lẹ́ inú condenser lọ, nítorí náà ìró kéékèèké tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kì í tètè hàn nínú rẹ̀.

Ní 1939, ilé iṣẹ́ Shure ní Amẹ́ríkà gbé Unidyne 55 jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ Benjamin Bauer ni. Ó fi ẹyọ máìkì kan ṣoṣo ṣe ohun tí wọ́n ti ń fi méjì ṣe tẹ́lẹ̀: máìkì tó ń gbọ́ ohun tó wà níwájú rẹ̀, tó sì ń di etí sí èyí tó wà lẹ́yìn. Bí a bá ya àwòrán ibi tó ń gbọ́ yìí, ó máa ń rí bí ọkàn tí wọ́n ń yà sára káàdì ìfẹ́, ibẹ̀ sì ni orúkọ cardioid ti wá. Orí ìtàgé ni wọ́n rò sí, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń pariwo, tí lùdísípíkà sì ń bú.

Láti ara Unidyne ni SM57 ti jáde ní 1965, tí SM58 tẹ̀ lé e ní 1966. Kò sí ẹni tí kò mọ SM58 nílẹ̀ wa, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: òun ni máìkì olórí roboto tí à ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òde àríyá àti lọ́wọ́ alága ìdúró. Ní 1973 ni SM7 dé. Òun ni Bruce Swedien lò fún ohùn Michael Jackson nínú àwo Thriller ní 1982, nígbà tí gbogbo condenser olówó iyebíye wà nílẹ̀ fún un láti mú.

Dynamic náà ní àléébù tirẹ̀: iná tó ń mú jáde kéré. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà sọ ọ́. Bí ohùn kan náà bá wọ NT1-A ti Rode, tó jẹ́ condenser, nǹkan bí 25 mV ló máa mú jáde. Bí ó bá wọ SM7B, kò ju nǹkan bí 1.12 mV lọ. Èkíní ju ìlọ́po ogún èkejì lọ. Ohun tí Táyé kò gbé, Kẹ́hìndé ló máa gbé e. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ preamp fi ṣe pàtàkì fún dynamic ju fún condenser lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé condenser ló bí i.

Bí preamp ṣe dé orí tábìlì wa

Títí di àwọn ọdún 1980, ilé àwo ńláńlá ni preamp tó dára wà, nínú tábìlì ìdàpọ̀ ohùn tó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Gbajúmọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é ni Rupert Neve, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Preamp rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 1073, tó jáde ní 1970, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì ń sín jẹ títí di òní. Ní 1985 ni Neve dá Focusrite sílẹ̀; ilé iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní 1989. Ní 2011, Focusrite gbé Scarlett jáde, àpótí pupa kékeré tí ènìyàn ń so mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà kan ṣoṣo. Preamp wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ohùn di nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà náà wà nínú rẹ̀. Irú àpótí yìí là ń pè ní interface, ilé iṣẹ́ mìíràn náà sì ń ṣe é. Ohun tó gba odidi yàrá tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí a lè kì bọ báàgì ìwé.

Ẹ ó rí bọ́tìnì kan lára interface tí wọ́n kọ 48V sí. Ìtàn tirẹ̀ dùn. Ní 1966, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba Norway ń ra máìkì lọ́wọ́ Neumann. Wọ́n fẹ́ kí iná tí condenser ń lò máa gba inú wáyà máìkì fúnra rẹ̀ wọlé. Ní Norway, ojúmọ́ kì í pẹ́ ní ìgbà òtútù, wọ́n sì ti ní iná pàjáwìrì 48 V nínú ilé náà fún gílóòbù. Òun náà ni Neumann lò, ó sì di òfin fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ condenser kò lè ṣiṣẹ́ láìsí bọ́tìnì yìí. Dynamic kò nílò rẹ̀.

Iye tí preamp lè gbé ohùn dìde ni wọ́n ń fi dB kà. 60 dB túmọ̀ sí pé iná máìkì á di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan. Shure ní SM7B nílò tó 60 dB ó kéré tán. Scarlett 2i2 ìran kẹta kò ju 56 dB lọ. Ti ìran kẹrin dé 69 dB. Ẹni tó bá so SM7B mọ́ ti ìran kẹta, tó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, á yí bọ́tìnì náà dópin, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "ṣṣṣ" lábẹ́ ohùn rẹ̀. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ kékeré bíi Cloudlifter sáàárín, tó ń fi nǹkan bí 25 dB kún un. Ṣùgbọ́n oníjàálá tó ń fi gbogbo ọ̀nà ọ̀fun ké kò ní nílò rẹ̀. Ohùn tirẹ̀ ti to.

Ilé di ilé àwo

Ní 1979, ilé iṣẹ́ TEAC ti Japan gbé Portastudio jáde, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì lásán. Ní oṣù kìíní ọdún 1982, Bruce Springsteen jókòó sínú yàrá nílé rẹ̀ ní New Jersey pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí àti SM57 méjì. Ó kàn fẹ́ fi àwọn orin náà han ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti tún un ṣe nílé àwo, kò dùn tó ti ilé, kásẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló sì di àwo Nebraska. Dynamic tí kò wọ́n, yàrá tó dákẹ́, ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ kọ: ó tó.

Ẹni tí kò tíì lówó máìkì náà ní baba ìsàlẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ní 1962, James West, aláwọ̀ dúdú ọmọ Virginia, àti Gerhard Sessler, ọmọ Jámánì, ṣe condenser kékeré tí kò nílò iná ńlá, tí wọ́n ń pè ní electret. Òun ló wọ inú tẹlifóònù, rédíò kásẹ́ẹ̀tì àti wáyà etí fóònù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fóònù yín kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìdílé condenser ló ti wá: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yóò wọ inú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká yàn

Pẹ̀lú ìtàn yìí, rírà kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ yàrá yín. Ẹ fi fóònù gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fi wáyà etí gbọ́ ọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan: ṣé ó já síbẹ̀ ni, àbí ògiri ń dá yín lóhùn? Họ́sítẹ́ẹ̀lì tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé, ilé tó wà létí títì, yàrá tó ní páànù lórí láìsí sílíìnì: dynamic ni kí ẹ rà. Yàrá tó dákẹ́, tó ní bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnnì tó nípọn àti aṣọ tó kún inú kọ́bọ́ọ̀dù lè gba condenser, ẹ ó sì gbádùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo preamp. Bí dynamic lẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè iye dB tí interface náà lè gbé kí ẹ tó sanwó. Bí condenser ni, ẹ rí i dájú pé bọ́tìnì 48V wà níbẹ̀. Bí owó kò bá tó méjèèjì, máìkì tí kò wọ́n pẹ̀lú preamp tó tó o sàn ju máìkì olówó ńlá tí preamp kò lè gbé lọ.

Ẹ sún mọ́ máìkì. Bí a bá dín àyè tó wà láàárín ẹnu àti máìkì kù sí ìdajì, ohùn inú wáyà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ariwo yàrá kò sì ní yí padà. Ọ̀fẹ́ ni èyí, kò sì sí preamp tó lè ṣe é. Ìbú ọwọ́ kan tàbí méjì tó fún dynamic. Ẹ gbé máìkì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀, kí èémí má baà kọlù ú tààrà. Àwọn tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìró p dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n p tiwa kì í tú èémí jáde bíi tiwọn. B àti f ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ pe "bàbá fẹ́ fọ ife" sí i, ẹ ó mọ̀.

Ẹ má yí bọ́tìnì gbígbé ohùn dìde jù. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn bá ti ga jù lọ dúró sí nǹkan bí −12 dB lójú kọ̀ǹpútà. Oníjàálá lè bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, kó sì ké lójijì. Ohùn tó bá ti fọ́ lójú preamp kò ṣeé lẹ̀ mọ́. Bí iná ṣájà kọ̀ǹpútà bá ń kùn, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi bátìrì ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó sọ pé máìkì kan dára, ẹ fi èdè wa dán an wò. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan pe "ó sá" àti "ó ṣá" láì tò wọ́n tẹ̀léra, kí ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ gbọ́ ọ, kó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ṣì í, ẹ ti padà sí ayé ìwo àti ìda nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé àgbà, ẹ gbé dynamic, ìdúró máìkì kékeré àti kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ kún dání. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún bàbá tàbí ìyá ìdí tí ẹ fi fẹ́ jókòó sínú ilé dípò abẹ́ igi, kí ẹ sì ní sùúrù bí wọ́n bá yí orí kúrò níbi máìkì. Ẹ̀yin ni kí ẹ sún máìkì, kì í ṣe kí ẹ máa sún àgbà. Ẹ tọ́jú ohun tí ẹ gbà ní WAV, 24 bit, sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. WhatsApp máa ń fún ohùn pọ̀ kó lè kéré, nítorí náà ẹ má fi ṣe ibi ìpamọ́.

Turner kò ní ìdá mẹ́wàá ohun tó wà lórí tábìlì wa lónìí. Ó ní ọgbọ́n àtilọ ní àsìkò. Àwọn tí a fẹ́ gbọ́ ohùn wọn ń dàgbà lójoojúmọ́, ìsinmi àárín ọdún kò sì jìnnà mọ́. Ẹ yẹ yàrá wò, ẹ yá máìkì bí ẹ kò bá lè rà á, kí ẹ sì lọ.